Ojú Mẹ́tàlélógójì

Ìyá Onífọ́tò ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta kó tó mọ ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe lójú ogun. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ ò ju pé kámẹ́rà ni wọ́n gbé lé bàbá náà lọ́wọ́ dípò ìbọn, àti pé bẹ́nikẹ́ni bá bi í léèrè ogun, á ní òun fẹ́ lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tó kú, tí òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń palẹ̀ yàrá mọ́, ni wọ́n rí agolo bísíkíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fíìmù ló kún inú rẹ̀, wọ́n fi bébà wé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá òkùnkùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n. Ojú sójà ni gbogbo wọn, àwọn ọ̀dọ́ tí irùngbọ̀n ò tíì hù lẹ́rẹ̀kẹ́. Oníkálùkù gbé síléètì kékeré sáyà. Nọ́ńbà ló wà lára síléètì, kò sí orúkọ. Lára bébà, bàbá kọ ọ́ pé: "Ọjọ́ tó ṣáájú odò." Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn ogun náà mọ odò yẹn. Àwọn tó gòkè rẹ̀ ò tó ìdajì àwọn tó wọ inú rẹ̀.

Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n.

"Jẹ́ ká kó o fún ìjọba," àbúrò rẹ̀ wí.

"Ìjọba á kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ilé wọn ló yẹ kó lọ."

"Ilé wo? Àwọn ìyá wọn ti kú tipẹ́."

"Ìyàwó wọn ńkọ́? Ọmọ wọn ńkọ́?"

Àbúrò mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ìgbín bá ti fẹnu lé igi, gígùn ló kù.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ nọ́ńbà di orúkọ. Bàbá Akoto ni wọ́n ń pè é, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Akoto irin tí sójà ń dé, ìgò omi, bàtà àti àmì-ẹ̀yẹ àwọn ológun ló kún ilé rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ máa ń ní ọkùnrin lòun fẹ́, òun ò mọ̀ pé bárékè lòun ń fẹ́. Ọwọ́ bàbá yìí ni ìwé orúkọ àwọn sójà náà wà. Níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àgọ́ ológun àtijọ́ ló ti rà á.

"N kì í yáni ní nǹkan," ó wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Ìyá Onífọ́tò wá bá a. Lọ́jọ́ kejì, ó fi obìnrin náà sílẹ̀ lójúde títí oòrùn fi kàn án lórí. Obìnrin náà padà wá lọ́jọ́ kẹta, ó tún wá lọ́jọ́ kẹrin.

"Ẹnì kan yá àmì-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ mi rí," bàbá ṣàlàyé, "ó lọ tà á."

"Mi ò ní gbé ìwé náà kúrò níbí, Bàbá. Ojú yín ni n ó ti dà á kọ."

Bàbá wò ó títí. "Gbé kámẹ́rà bàbá rẹ wá. Tó bá ti di tèmi, n ó ṣí ìwé."

Ìyá Onífọ́tò lọ sílé. Awọ kámẹ́rà náà ti gbó níbi tí àtàǹpàkò bàbá rẹ̀ máa ń wà. Bó bá fi tirẹ̀ síbẹ̀, ó máa ń bá a mu. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń gbé e sókè, tó ń gbé e sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé e lọ, ó gbé e ka orí tábìlì Bàbá Akoto.

"Iṣẹ́ ni bàbá mi fi èyí ṣe," ó wí. "Iṣẹ́ náà ò sì tíì parí."

Bàbá ṣí ìwé.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi dà á kọ. Lọ́jọ́ kẹta, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, bàbá bá fa àga wá, ó ń ka nọ́ńbà fún un. Nígbà tó yá, ó ní kó jẹ́ kóun rí àwọn fọ́tò náà. Ó ń wò wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dá ọwọ́ dúró lórí ọ̀kan.

"A jọ tò lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba èèyàn síṣẹ́ ológun ni," ó wí. "Iwájú mi gan-an ló wà. Wọ́n yẹ ojú mi wò, wọ́n ní ọ̀kan ò ríran dáadáa, kí n máa lọ sílé."

Kò dá kámẹ́rà padà, obìnrin náà ò sì béèrè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bàbá ló ń fi ọwọ́ ìkọ̀wé olùkọ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ìlú tí wọ́n kọ síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ wá láti ibi tí ọkọ̀ ń rìn fún wákàtí mẹ́fà. Ìyá Onífọ́tò gbé fọ́tò lọ síbẹ̀. Ìyá àgbà kan ló gbà á, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé.

"Ṣé bó ṣe kéré tó nìyí?"

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, Mọ́mì."

Ìyá àgbà pe ọmọ rẹ̀ jáde láti yàrá. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni, orí rẹ̀ ti funfun. Inú ìyá rẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí bàbá rẹ̀ wọ odò. Ó di fọ́tò mú.

"Mo ti dàgbà jù ú lọ," ó wí.

"Ìyẹn ò kan tọjọ́ orí," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Bàbá rẹ ni. Kí i."

Ó kí i.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló rí bẹ́ẹ̀. Níbì kan, wọ́n ní àwọn ti sunkún tán, kó máa gbé e lọ. Ó fi í sínú àpò ìwé, ó kọ orúkọ sí i, ó tọ́jú rẹ̀ dè wọ́n. Lẹ́tà mìíràn lọ, kò bọ̀. Nígbà tí ọdún yípo, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti délé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìyá Onífọ́tò ti ṣọ́ọ̀bù, ó fi fọ́tò kẹtàdínlọ́gbọ̀n sáàárín páálí méjì kó má baà ká, ó sì lọ wọ ọkọ̀.