Kókó Ìdí Sóyà

Kò sí ohun tí ẹ lè sọ fún Mo-ti-mọ̀ tí kò ní í ní òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bó ṣe gba orúkọ ìnagijẹ náà nìyẹn, inú rẹ̀ sì máa ń dùn tí wọ́n bá fi pè é.

Lọ́dún kan, ewé sóyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lápá kan oko bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú mú. Ó fa ìdí kan tu, ó rí kókó rẹpẹtẹ lára gbòǹgbò, ó bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó tún fa òmíràn tu níbẹ̀, ó ké sí ìyàwó rẹ̀:

"Ìyá wọn, wá wo ọlá! Kókó yìí ló ń bọ́ sóyà."

"Bàbá wọn, oúnjẹ wá pọ̀ tó báyìí nínú ilé, ọmọ ń rù?" Ìyàwó rẹ̀ gba ìdí sóyà náà, ó fi èékánná họ kókó kan. Kò ṣí. Gbòǹgbò gan-an ló wú, bí ìka tí ilẹ̀kùn há mọ́. Ó fa òmíràn tu níbi tí ewé ti tutù yọ̀yọ̀. Kókó tibẹ̀ já wẹ́rẹ́, inú rẹ̀ sì pupa fẹ́ẹ́rẹ́. "Èyí ló ń bọ́ ọ. Èyí tí ẹ fà tu yẹn, òun ló ń jẹ ẹ́."

Ọkọ fi èékánná tirẹ̀ họ méjèèjì wò. Irú ìdí aláìsàn yẹn ló gbé lọ ṣe fáàrí nípàdé àwọn àgbẹ̀ lánàá!

Wọ́n gbé gbòǹgbò àti erùpẹ̀ lọ bá obìnrin tó ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó ní:

"Aràn ni, ẹ̀yin òbí mi. Ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Ti ọdún yìí ti bọ́ sọ́nù. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀pà ni kí ẹ gbìn síbẹ̀, torí irú aràn yìí kì í rí ẹ̀pà jẹ. Tí ẹ bá padà sí sóyà, ẹ wá gba irúgbìn tó lè dojú kọ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí katakata gbé erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ sápá kejì."

"Mo ti—" Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. Ọkọ gbé ìyókù ọ̀rọ̀ mì.

Ìyàwó rò pé yóò fọ̀rọ̀ náà pa mọ́ ni. Ṣùgbọ́n nípàdé tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà dìde, ó ní òun ṣìnà, ó sì ní kí kálukú wá fi èékánná họ kókó méjèèjì wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó rẹ́rìn-ín jù lọ kanlẹ̀kùn wọn, gbòǹgbò wíwú lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún kejì, ẹ̀pà ṣe dáadáa. Sóyà tó tẹ̀ lé e náà so, àfi igun kan tó ṣì ń ṣòjòjò. Awakọ̀ katakata tó ń bá wọn túlẹ̀ nìkan ni kò rímú mí, torí kò lè kúrò lápá yẹn láìjẹ́ pé bàbá fọ erùpẹ̀ kúrò lára katakata náà.

"Bàbá, ẹ ti fọ táyà tán. Ṣé bàtà tèmi náà lẹ fẹ́ fọ̀ ni?"

"Bọ́ ọ wá," ni bàbá wí, ó sì na korobá omi sí i.