Fíìmù Tí Mo Gbé Lọ sí Àgbẹ̀dẹ

Ẹ má rò pé mo kórìíra fíìmù o. Fíìmù ló sọ mí di oníṣòwò tó ń ronú, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gbẹ́ni Lánípẹ̀kun ṣe máa ń wí. Òun ni alága gúrúùpù Wásáàpù àwa oníṣọ́ọ̀bù Ìkọ̀lé, gbogbo ọjọ́ Ajé ló sì ń fi fíìmù kan ránṣẹ́ sí wa. Ti oníbúrẹ́dì tó bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó tó wá di olówó ńlá, ti ìyá arúgbó tó ń fi kẹ̀kẹ́ kiri aṣọ, ti ọkùnrin tí ọjà rẹ̀ jóná ráúráú tó tún dìde. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, oníkálukú á kọ ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó rí kọ́ síbẹ̀. Èmi Fúnmi kì í pa tèmi jẹ.

Mo ń lo àwọn ẹ̀kọ́ yẹn náà, ojú mi sì ti rí màbo. Fíìmù kan ní kí a máa rẹ́rìn-ín sí oníbàárà kó tó lanu. Mo rẹ́rìn-ín sí àgbẹ̀ kan láti Ọ̀tùn títí ó fi bi mí bóyá ṣòkòtò òun ló ya lẹ́yìn. Òmíràn ní kí a máa fi orúkọ kí oníbàárà. Mo fi orúkọ ìyàwó kejì kí ìyálé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Irinṣẹ́ oko ni mo ń tà: àdá, ọkọ́, àáké, bàtà òjò. Èyí tí wọ́n ń béèrè jù ni ọkọ́ bàbá mi, òun gan-an ni n kì í sì í rí tà. Ògúnmọ́lá ni orúkọ bàbá mi, alágbẹ̀dẹ ni ní Ìtapàjí. Bàbá tó bí i náà alágbẹ̀dẹ ni, Ògún sì ni wọ́n ń bọ nílé wa títí di òní. Bàbá mi kì í rọ ọkọ́ fún ẹni tí kò bá tíì kọ ebè kan níwájú rẹ̀. Ilẹ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn àgbẹ̀dẹ fún un. Wọ́n á yá ọ ní ọkọ́, ìwọ á kọ ebè kan ṣoṣo, Bàbá á dúró tì ọ́, á dorí kodò, kò ní sọ nǹkan kan. Tó o bá parí, á ní kí o padà wá lọ́jọ́ márùn-ún òní. N kò tíì rí ẹni tó dá ọkọ́ rẹ̀ padà rí. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe ní ṣọ́ọ̀bù?

Ohun tó ń ká mi lára ni pé àwọn ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ àgbẹ̀dẹ náà mọ́. Bọ̀ọ̀dá Túbọ̀sún tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti sọ ọ́ pàtó: tí àgbẹ̀dẹ kò bá tíì máa mówó wọlé kí ọdún tó parí, ká tì í pa, kí Bàbá lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní Èkó. Mo mọ bàbá mi. Tí wọ́n bá gbé e kúrò nídìí iná yẹn lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n l'Ékòó, kò ní pẹ́ láyé. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì fẹ́ kó kú.

Bí Ọlọ́run ṣe ṣe é, oníbàárà kan láti Ìbàdàn, Délé, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Igba ọkọ́ ló fẹ́, kí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Ọ̀gbẹ́ni Lánípẹ̀kun fi fíìmù kafíńtà ránṣẹ́: bàbá arúgbó kan tó ń kan àga lọ́kọ̀ọ̀kan, ebi fẹ́ pa á, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láti ìlú ńlá, ó kọ́ ọ bí a ṣe ń kan ọ̀pọ̀ àga tó dọ́gba, wọ́n sì là. Ó dà bíi pé èmi ni wọ́n ṣe é fún! Mo gba fóònù ńlá ọmọ mi, mo gun ọ̀kadà, ó di Ìtapàjí.

Mo bá Bàbá àti Àkàndé lẹ́nu iṣẹ́. Àkàndé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, òun ló ń fín ẹwìrì tó ń mú iná jó, òun náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n ń pariwo mọ́ra wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti bí ọdún mélòó kan.

"Àkàndé, ó pọ́n?"

"Ó ku díẹ̀."

"Ó pọ́n?"

"Ó ti pọ́n, lù ú!"

Eré àwọn àgbà ni mo máa ń pè é. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì sọ̀rọ̀ igba ọkọ́ náà. Bàbá kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Àwọn ará Ùbàdàn yẹn, níbo ni mo ti rí wọn tí wọ́n kọ ebè?"

"Bàbá, ọkọ́ ọjà ni. Kò sí ẹni tó máa kọ ebè kankan."

"Ẹni tí mi ò mọ uṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ni mo fẹ́ rọ hún un?"

Inú bí mi. Mo ní kò burú, tí wọ́n bá jẹun tán, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n.

A jókòó sí pálọ̀ ní ọ̀sán. Bàbá gbádùn fíìmù náà. Nígbà tí kafíńtà ń bá onílé jà, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ń dá sí i, ó ń bú onílé. Mo ń wò ó, mo ń sọ lọ́kàn mi pé ẹ̀kọ́ náà ti ń wọlé, ó ti ń wọlé.

Lẹ́yìn náà ni fíìmù dé ibi tó máa ń pa mí lẹ́kún. Ọmọ kafíńtà ṣílẹ̀kùn, ó bá bàbá rẹ̀ láàárín àwọn àga tí ẹnikẹ́ni kò rà. Wọn kò sọ̀rọ̀. Kò sí orin. Ojú arúgbó náà nìkan ló kún gbogbo fóònù, omijé ń ṣàn wọ irùngbọ̀n rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ń fi ìborùn nu ojú mi.

"Fúnmi," ni Bàbá wí, "ṣé ó ti kú ni?"

"Ta ló kú?"

"Fóònù rẹ."

Mo yíjú sí i. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ó dojú kọ fóònù náà, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ onílé.

"Bàbá, ṣé ẹ kò rí i ni?"

"Mo rí i, jàre. Ojú ló kàn ń ṣú mi díẹ̀."

Ní ilé wa, èèyàn lè parọ́ ní pálọ̀. Gbogbo wa ló ń pa á. Ṣùgbọ́n irin ńlá kan wà nílẹ̀ àgbẹ̀dẹ tí wọ́n ń lu nǹkan lé lórí, ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọwọ́ lé e, òtítọ́ ni yóò sọ, torí Ògún ló ni ín. Láti kékeré la ti ń sá fún ibẹ̀ tí a bá jí ẹran jẹ. Mo di ọwọ́ Bàbá mú, mo mú un lọ síbẹ̀, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé irin, mo na ọwọ́ kejì síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ìka mélòó ni mo nà?"

Àkàndé dìde lórí àpótí rẹ̀, ó tún jókòó.

"Mi ò rí uka kankan, ọmọ mi. Òjìji rẹ ni mo ń rí. Ó di ọdún kẹrin."

Mo kọjú sí Àkàndé. "Ẹ̀yin mọ̀!"

"Mo mọ̀."

"Ẹ kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni!"

"Kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ mi lé urin bi mí."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ariwo tí wọ́n ń pa mọ́ra wọn kì í ṣe eré. Ojú Àkàndé ni Bàbá fi ń wo iná. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Bàbá ń fi ọwọ́ wá mi.

"Ọkọ́ yẹn ńkọ́?" ni mo wí. "Ebè tí wọ́n ń kọ níwájú yín?"

"Mo ń gbọ́ ọ ni. Ẹni tó ga, ọ̀tọ̀ ni bí ọkọ́ rẹ̀ ṣe ń wọ ulẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, mo ń gbọ́ ubi tó ti ń sinmi. Tí mi ò bá gbọ́, mi ò mọ ohun tí mo máa rọ."

Èmi tí mo ń pè é ní olórí kunkun láti ọjọ́ yìí wá.

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó. Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, sọ pé àìsàn náà máa ń jí ojú gbé láìdunni, pé èyí tó ti lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ń kán sójú lè ṣọ́ ìwọ̀nba tó kù. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn. Mo ṣàlàyé fún Délé, ó ní òun kò lè kó àgbẹ̀ láti Ìbàdàn wá kọ ebè, ó sì bá tirẹ̀ lọ. N kò bínú sí i.

Bọ̀ọ̀dá Túbọ̀sún ni mo sọ fún kẹ́yìn. Ó sunkún lórí fóònù. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ ẹkún rẹ̀ rí. "Fúnmi, iná ni! Irin gbígbóná ni! Tó bá ṣubú sínú rẹ̀ ńkọ́?" Mo sọ fún un pé màá ti àgbẹ̀dẹ lọ́jọ́ Ajé. Mo ra àgádágodo nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi.

Lọ́jọ́ Ajé, Àkàndé ti lọ wo ọmọ rẹ̀ ní Ìgbólé. Mo bá Bàbá nìkan nídìí iná, ọkọ́ kan tó kù díẹ̀ kó parí wà nínú èédú. Ó gbọ́ ìró bàtà mi.

"Fúnmi, jókòó. Fíìmù ọjọ́sí, a ò parí ẹ̀. Parí ẹ̀ hún mi."

Mo parí rẹ̀ fún un. Mo sọ bí ilé iṣẹ́ ṣe tóbi tó, bí àga ṣe tò lọ rẹrẹ, tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, bí ọmọ náà ṣe wọ kóòtù, bí wọ́n ṣe gbé bàbá kafíńtà jókòó síwájú pẹ̀lú agbádá tuntun, tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́.

"Kí ló ń fi ọwọ́ ṣe?"

"Ta ni, Bàbá?"

"Bàbá kafíńtà."

Mo ronú. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti wo fíìmù yẹn, mo ti kọ ẹ̀kọ́ mẹ́ta láti inú rẹ̀, n kò wo ọwọ́ ọkùnrin náà rí. "Ó gbé e lé orúnkún," ni mo wí. "Kò fi ṣe nǹkan kan."

Bàbá mirí. Ó fi ọwọ́ wá ọwọ́ mi kàn, ó gbé e lé irin.

"Kí lo gbà hún ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Mo gbà pé màá tì í lónìí. Àgádágodo wà nínú báàgì mi."

"Ṣé o fẹ́ tì í?"

"N kò fẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo fẹ́ kí ẹ wà láàyè, Bàbá."

"Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ubi tí mo ti ń wà láàyè rèé."

N kò gbé ọwọ́ kúrò lórí irin. Mo fi ọwọ́ kejì pe Bọ̀ọ̀dá Túbọ̀sún. Mo ní n kò ní tì í. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni màá máa wá fín ẹwìrì, ọjọ́ yòókù di ti Àkàndé, Bàbá kò sì ní dá nìkan dúró nídìí iná mọ́ láéláé. Mo sọ ibi tí ọwọ́ mi wà fún un. Ó ní kí n bá òun kí Bàbá.

Mo jókòó sórí àpótí Àkàndé pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń lọ ilé ìfowópamọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fín in.

"Ó pọ́n?"

"Ó ti pọ́n, Bàbá."

Kò gbé òòlù. "Pupa wo? Ti ẹyìn ọ̀pẹ àbí ti ọsàn?"

"Ti ẹyìn."

"Kò tíì yá. Má kánjú."

Mo fín in títí irin náà fi tàn bí ọsàn tó pọ́n. Mo sọ fún un, ó lù ú, kò tàsé rárá. Ó tún tì í bọ iná. A ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, apá ń ro mí, inú mi sì ń dùn débi pé ojú tì mí.

Ó dúró díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé irin ńlá náà, ó ń mí.

"Urun orí rẹ ńkọ́? Àwọ̀ wo ló ní báyìí?"

Mo fẹ́ sọ pé dúdú ni, bí mo ṣe ń sọ fún gbogbo ayé. Mo wo ibi tí a wà.

"Ó ti ń funfun níwájú, Bàbá. Mo máa ń pa á láró."

"Láti ùgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún méjì."

"Dúdú lo ṣì wà lójú mi," ló wí.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó nà án títí ó fi kan iwájú orí mi, ó rọra ń fi àtàǹpàkò tọ ìdí irun náà lọ, láti etí kan dé èkejì, bí ẹni tó ń ka nǹkan.

"Ubẹ̀ yẹn náà ni ti yèyé rẹ ti bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Ó yẹ ọ́. Ó yá, fín in, uná ń kú."

Mo fín in.