Èémí Bátìrì

"Ẹ pa àbẹ́là yẹn! Bùọ̀dá Bámgbóṣé, mo ní kí ẹ pa á, kí bátìrì má baà bú gbàmù sí yín lójú!"

"Ìyàwó, ta lò ń pariwo mọ́?" Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ti gbé àbẹ́là tó ń jó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀, ó dijú, ó ń gbàdúrà. "Mọ́tò ti bá olówó rẹ̀ lọ. Ẹ̀mí Olúdayọ̀ la gbọ́dọ̀ bẹ̀."

Mo na ọrùn, mo fẹ́ àbẹ́là náà pa. Fúù.

Ọyẹ́ ti bo ìlú Ìsàn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kùrukùru ti gbé òkè mì, ó gbé ilé mì, takisí ọkọ mi nìkan ló ń léfòó lójúde bí ọkọ̀ ojú omi tó ṣìnà. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo ń tan án láti ìgbà tí a ti sin Olúdayọ̀, síbẹ̀ ó ṣàdédé kọ̀. Ẹbí tó ń dúró dè wá l'Óye sì ti sọ̀rọ̀: bí mo bá wà á débẹ̀ lónìí, ó di tèmi, kí n máa fi gbé èrò, bí kò bá tan, kí Bùọ̀dá tú u tà.

"Uṣẹ́ ọkùnrin ni uṣẹ́ mọ́tò," ni Bùọ̀dá wí.

"Ọkùnrin tó ń ṣe é ló kọ́ mi. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló kọ́ yín?"

Àǹtí Beatrice, aládùúgbò wa tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ti gbé mọ́tò tirẹ̀ sún mọ́ tèmi láìjẹ́ kí wọ́n fara kanra. Ó pa á, ó na wáyà tí a fi ń yá iná láti bátìrì kan sí èkejì sí mi. Mo dijú. Ohùn Olúdayọ̀ jáde látinú kùrukùru, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora: *Bátìrì ń mí, Wùnmí. Bí èémí rẹ̀ bá pàdé iná, ó bú. Fi pupa kan tiwa níbi àmì ìròpọ̀, kí o tó fi kan tiwọn níbi kan náà. Fi dúdú kan orí kejì tiwọn. Dúdú tó kù, má fi í kan bátìrì wa o. Wá irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, tó jìnnà sí i.*

Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lórí ọwọ́ mi, epo dúdú lábẹ́ èékánná. Wáyà tó kẹ́yìn gbá irin mú, ó ta pàrà, ó dákẹ́.

"Ẹ tan tiyín, mà."

Mọ́tò Àǹtí Beatrice ń kùn. A dúró. Kùrukùru ń gba àárín wa kọjá bí àlejò tí kò kí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo wọ mọ́tò, mo yí kọ́kọ́rọ́. Takisí wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó wá mí kanlẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tó jí lójú àlá.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo tú wáyà láti ẹ̀yìn wá síwájú.

"Halelúyà!" Bùọ̀dá ló ń kígbe. "Ṣé o rí àdúrà mi? Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí n kò wọ inú mọ́tò yìí ka Sáàmù fún àbúrò mi."

"Nínú òkùnkùn?"

"Òkùnkùn kẹ̀?" Ó nàka sí gílóòbù abẹ́ òrùlé takisí. "Èyí ni mo ń tàn. Mo tiẹ̀ ń fi í sílẹ̀ mọ́jú fún un, kó lè máa ríran bọ̀ wá sílé."

Àǹtí Beatrice fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀yin lẹ mu bátìrì gbẹ, Bùọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ pa mọ́tò. Ẹ wọ ẹ̀yìn, kí n gbé yín lọ sọ ọ́ fún ẹbí l'Óye."