Àmì Dúdú fún Orpha

Ìwé ńlá wà lábẹ́ apá Winifred Halsey, iyanrìn igbó páìnì New Jersey sì kún inú bàtà rẹ̀. Lọ́dún 1913 yìí, ilé ìtọ́jú kan tó ń kó àwọn tí wọ́n pè ní aláìlọ́gbọ́n pamọ́ ló rán an kó máa tọpa ìdílé wọn. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá pé, àmì funfun. Ẹni tí kò bá pé, àmì dúdú. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní inú ẹ̀jẹ̀ ni àìlọ́gbọ́n ń gbà wọ ilé.

Ó bá opó kan, Keziah Stroud, níwájú ahéré rẹ̀, níbi tó ti ń ṣa èso pupa tí wọ́n ká nínú àbàtà. Orpha, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó tì í. Orpha ti lé lógójì ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Winifred béèrè ọ̀mùtí inú ìran wọn, ó béèrè ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Keziah dáhùn gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan Orpha tí Winifred sì fẹ́ fi àmì dúdú sí i, Keziah gbé ọwọ́ lé ìwé náà.

"Nílé tiyín ńkọ́, ọmọ mi? Ta ló wà níbẹ̀?"

Ẹnikẹ́ni kò bi Winifred bẹ́ẹ̀ rí. Ó fẹ́ ní kò sí. Ṣùgbọ́n Orpha ti rí ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ Winifred, níbi tí bàtà oníyanrìn ti bó o. Ó ti kúnlẹ̀, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Àbúrò mi wà níbẹ̀. Alden. Bí àlejò bá dé, ìyá mi a tì í mọ́ yàrá òkè."

"Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín?"

"Bí mo bá wọlé tọ̀ ọ́."

Keziah kò bá a wí. Ó gbé búrẹ́dì àgbàdo wá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ ẹ́ pọ̀. Winifred wá béèrè bóyá ẹ̀rù kì í bà á pé ó lè kú fi Orpha sílẹ̀.

"Ojoojúmọ́ ló ń bà mí. Òun ni mi ò fi tíì ráyè kú."

Winifred kò fi àmì kankan sí i. Ọ̀gá rẹ̀ bínú, ó ní òun á rán ẹlòmíràn lọ fi àmì dúdú sí Orpha, kí wọ́n lè mú un wá sí ilé ìtọ́jú náà. Lọ́jọ́ kejì Winifred padà sínú igbó lọ ta Keziah lólobó, kí ọ̀sẹ̀ náà sì tó parí, tìyá tọmọ ti kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí Orpha ní Pennsylvania. Winifred fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gba ilé lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ wá jẹun. Winifred gun òkè, ó fa Alden lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Alden kí pásítọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jókòó. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ ìyá wọn. Lẹ́yìn náà ó fa àwo Alden mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹran fún un.