Ìlà Tí Ọjọ́ Ìkórè Gbé Sókè

Ní ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn oorun tí kò tó nǹkan, Gbóyèga jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lórí tábìlì ìjẹun, ó ń wo iye kan tí kò fẹ́ rí. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ ni pé, bí ìsìn Sọ́ńdè bá fi wákàtí kan gùn sí i, èèyàn mọ́kànléláàádọ́ta ló ń pọ̀ sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Irọ́ ni," ó wí.

Ọláníkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń ká aṣọ lórí àga. "Ta ló ń purọ́?"

"Excel."

"Excel kì í purọ́, Bàbá Ìlérí. Ẹ ò tíì sùn tó ni."

Òótọ́ ni pé kò tíì sùn tó. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní La Porte. Bó bá ṣíwọ́ ní àárọ̀ Sọ́ńdè, tààrà ló ń gba freeway, ọ̀nà márosẹ̀, lọ sí Westchase, níbi tí ìjọ Aládùúrà wọn ti háyà gbọ̀ngàn. Aago mẹ́wàá ni ìsìn ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè di aago mẹ́ta kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ó bẹ àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n máa parí ní aago kan. Alàgbà Láyíwọlá, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣebí ò ń kọ́ statistics ní kọ́lẹ́ẹ̀jì? Lọ ṣe ìṣirò rẹ̀ wá. Bí ìsìn gígùn bá ń lé èèyàn, màá gé e kúrú. Bí kò bá lé wọn, a ò ní fọwọ́ kàn án."

Inú Gbóyèga dùn nígbà yẹn. Ó rò pé ó ti bọ́.

Kó tó wọ kíláàsì rárá ló ti fi fídíò kọ́ ara rẹ̀ pé kéèyàn wo àmì tó dúró fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kó tó gba ìlà tí kọ̀ǹpútà fà láàárín wọn gbọ́. Ó ní kí kọ̀ǹpútà ya Sọ́ńdè kọ̀ọ̀kan bí àmì kékeré kan. Gbogbo wọn kóra jọ sójú kan bí èèrà, àyàfi ẹyọ kan tó dá dúró lókè réré, lápá ọ̀tún. Ọjọ́ Ìkórè ni. Ìsìn wákàtí méje, èèyàn tó lé ní irinwó, títí kan àwọn tó wá láti Dallas.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn kí nǹkan ṣàlàyé ara rẹ̀ báyìí. Ìlà náà dà bí pákó gígùn: ẹni tó bá dì í mú láàárín kò lè tẹ̀ ẹ́ síbì kan, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo tó bá dì í mú ní ìpẹ̀kun lè gbé e sókè.

"Níkẹ́, wá wò ó. Kì í ṣe gígùn ìsìn ló kó wọn wá. Ìkórè ló kó wọn wá, Ìkórè náà ló mú ìsìn gùn."

"Ìrẹsì ló kó wọn wá," ni Ọláníkẹ́ wí.

Ó yọ ọjọ́ Ìkórè kúrò, ó tún ìṣirò náà ṣe. Ìlà náà yí padà: wákàtí kan sí i, èèyàn mẹ́rin ń dín kù. Ó pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí iye tí wọ́n ń pè ní p-value, èyí tó ń sọ bóyá èèṣì lásán lè fa irú ìlà bẹ́ẹ̀, kò sì pàtẹ́wọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìsìn parí lẹ́yìn aago méjì. Súnkànmí, akọ̀wé ìjọ, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé. Òun náà fẹ́ kí ìsìn máa parí ní aago kan, Gbóyèga sì ti fi ìṣirò náà hàn án.

"Ẹ̀gbọ́n, abeg, mẹ́rin yẹn ti tó. Ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ jókòó. Ta ló máa bi yín ní p-value?"

"Alàgbà."

"Ebi ń pa Alàgbà."

Nínú yàrá, Alàgbà Láyíwọlá wo ìwé àkọ́kọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́kànléláàádọ́ta! Ẹ jẹ́ ká kúkú máa sùn síbí." Ṣùgbọ́n nígbà tí Gbóyèga fi àmì ọjọ́ Ìkórè hàn Alàgbà, wọ́n wò ó dáadáa.

"Òótọ́ ni. Yọ ọ́ kúrò."

"Mo ti yọ ọ́, sà. Ó wá di pé wákàtí kan ń dín èèyàn mẹ́rin kù."

"Hẹn." Alàgbà mí kanlẹ̀. "Mo ti sọ̀rọ̀, mi ò ní yẹ̀ ẹ́. Súnkànmí, kọ ọ́ sílẹ̀: aago kan."

Súnkànmí ti ń kọ ọ́. Gbóyèga ìbá ti jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ibì kan." Súnkànmí fi ọwọ́ bojú. "Bí gígùn ìsìn kò bá tilẹ̀ kan iye èèyàn rárá, nǹkan bí ìdajì ìgbà la ṣì máa rí ìlà tó tẹ̀ tó báyìí. Èèṣì lásán lè fa mẹ́rin yìí."

"Ìyẹn ni pé o ò mọ̀?"

"Ìṣirò yìí kò mọ̀, sà."

"Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Alàgbà ní kí Súnkànmí pa á rẹ́. Wọ́n wá tẹjú mọ́ Gbóyèga. "Kí ló dé gan-an tó o fi ń wá aago kan?"

Gbóyèga wá jókòó. "Ó rẹ̀ mí, sà. Sọ́ńdè tó kọjá, nígbà tí mò ń lọ sílé, mo sùn lọ lórí freeway. Ibi tí wọ́n gbẹ́ létí ọ̀nà torí awakọ̀ tó bá ń tòògbé ló pariwo lábẹ́ táyà, òun ló jí mi."

Ọláníkẹ́, tó wá wò ó bóyá ó ti ṣetán, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ẹ sùn níbo?"

Alàgbà ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Láti òní lọ," Alàgbà wí jẹ́jẹ́, "bí ìwàásù bá ti parí, máa lọ."

"Ẹ má bínú, sà," ni Ọláníkẹ́ wí. "Sọ́ńdè tí Bàbá Ìlérí bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, ilé ni wọ́n máa wà."

"Ìyá Ìlérí, ṣé inú ń bí ẹ ni?"

"Rárá, sà. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Alàgbà bojú wolẹ̀. "Ó dáa. Kó máa sinmi nílé. Ní ti ìsìn, kó ṣì wà bó ṣe wà."

Ọláníkẹ́ ló wakọ̀. Gbóyèga gbé orí lé gíláàsì.

"Níkẹ́, ṣó o mọ̀ pé bá a bá rí Sọ́ńdè bí ọgọ́rùn-ún, ká máa pa gígùn rẹ̀ dà látìgbàdégbà..."

"Bàbá Ìlérí."

"Hẹn?"

"Ẹ dijú."