Síìlì Tó Jókòó Lórí Àmù Mi

Bísí, ìwọ lo fà á. Ìwọ lo ní kí n bá ọ gba ààwẹ̀ tí a ò ní mu omi, ìwọ náà lo sì tan tẹlifíṣọ̀n lánàá tí a fi rí síìlì, ẹranko òkun tó máa ń gbààwẹ̀ lórí àpáta. Mo rí i lójú àlá lóru. Ó jókòó lórí àmù omi mi, ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, ó wé gèlè rẹ. Mo ní kó dìde.

Ó ní, "Ya ẹnu kí n wò ó, bóyá o gbé omi tí o fi ṣan ẹnu mì."

Bí mo ṣe yanu, yàrá di etí òkun, iyọ̀ sì bo ahọ́n mi.

Ó ní, "Ọ̀rá ara mi ló ń di omi fún mi. Kíndìnrín mi kì í fi omi ṣòfò, ìtọ̀ mi kì í ju díẹ̀ lọ. Tìẹ ńkọ́?"

Ó gbá mi lẹ́yìn níbi tí kíndìnrín wà, ibẹ̀ dún bí agolo òfìfo.

Mo jí, ẹ̀yìn ń dùn mí. N ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, n ò sì bi ọ́. Mo ti mu omi kí n tó wá síbí. Lọ sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ àdúrà rẹ tó ń gba ààwẹ̀ yìí. Kí wọ́n wá síìlì tí yóò bá wọn gba ààwẹ̀ náà.