Ṣé Ara Ti Le?

Dáadáa-ni ni wọ́n ń pe káfíńtà yìí, kì í sì í ṣe lásán. Òrùlé rẹ̀ ń jò, dáadáa ni. Ayùn ya á lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà ṣooro, "A dúpẹ́, kò tó nǹkan." Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pé èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Ó dáa náà. Àmọ́ eyín ò gbọ́ irú èdè yẹn.

Odidi oṣù kan lojú rẹ̀ fi rí màbo lọ́wọ́ eyín ńlá kan lápá òsì nísàlẹ̀, kó tó gbà kí ìyàwó rẹ̀ wọ́ òun lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Dókítà náà, obìnrin kan tí kì í bá èèyàn ṣeré, wo àwòrán eyín ọ̀hún, ó mí kanlẹ̀. Ó ní iṣan inú rẹ̀ ti jẹrà, ọyún ti gbá jọ sídìí gbòǹgbò rẹ̀. Òun á fọ inú gbòǹgbò náà mọ́, òun á sì dí i.

"Ṣé ó máa dùn mí?"

"Abẹ́rẹ́ á kọ́kọ́ ta yín díẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ẹnu yín á kú. Tí ohunkóhun bá dùn yín, ẹ nawọ́ sókè. Ẹ má ṣe akin fún mi níbí o."

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tí ètè rẹ̀ fi wúwo bí ìrọ̀rí. Wọ́n na rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lẹ́nu, eyín kan ṣoṣo yẹn ló yọrí síta. Ẹ̀rọ ń kùn. Nígbà tó dákẹ́, dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í ti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ inú gbòǹgbò, ó ń fi ha á, ó ń fi oògùn ṣàn án. Òórùn kan tú jáde, òórùn ohun tó ti kú tipẹ́. Kò dùn káfíńtà rárá, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà á, pé wọ́n ń gbẹ́ nǹkan nínú orí òun, òun ò mọ̀ ọ́n lára.

"Dókítà, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe," ló wí nígbà tí wọ́n ṣí rọ́bà, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Dókítà ò rín.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tí ẹnu yín bá jí, ibẹ̀ á máa ro yín fún ọjọ́ díẹ̀. Ìyẹn ò léwu. Ẹ máa fi apá kejì jẹun, kẹ́ ẹ sì lo oògùn yìí tán, kódà tí kò bá dùn yín mọ́. Fúngbà díẹ̀ ni mo dí i. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ padà wá ká dí i pa, ká fi ìdérí dé e. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀kẹ́ yín bá wú, tí ara yín gbóná, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wá. Ó lè wú wọ ọrùn, kó dí ọ̀nà èémí. Ó ń pa èèyàn."

"Kò ní pa wá," ni Dáadáa-ni fèsì. Ìyàwó rẹ̀ ṣe àmín.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì pè é. "Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá. Ṣé ara ti le?"

"Ara le, a dúpẹ́."

Òótọ́ ni lọ́jọ́ yẹn. Ìrora ti lọ, òun náà sì pa oògùn tì, ọkùnrin yìí náà! Kò pẹ́ tí nǹkan kan fi yọ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó tó ẹyin, ó gbóná. Ó ń fọwọ́ pa á lọ́wọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì tún pè.

"Ara ńkọ́, bàbá? Dókítà ráyè lónìí o, tí nǹkan kan bá ń ṣe yín."

"Rárá o. Ara wà, a dúpẹ́."

Ẹ wò ó! Ta ló fọ̀bẹ sí i lọ́rùn? Ẹnu tí kò ṣeé là dáadáa mọ́ ló fi sọ ọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ahọ́n rẹ̀ ti gbéra kúrò nílẹ̀ ẹnu, itọ́ ò lọ mọ́, èémí rẹ̀ ń súfèé. Ó jókòó sí yàrá, ó kọjú sógiri, ó fi tówẹ̀lì di àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Ó fẹ́ pariwo, ohùn ò jáde.

Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ wọlé nígbà tí fóònù dún. Káfíńtà nà án sí i. Obìnrin náà gbà á, ó ń tú gèlè lọ́wọ́, kò wojú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, màmá. Ṣé ara bàbá ti le?"

"Ara wọ́n le, a dúpẹ́ o."

"Ó dáa, ẹ bá mi kí wọn. À ń tilẹ̀kùn lọ nìyẹn."

Káfíńtà fa ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé e lé ọrùn ara rẹ̀. Ó gbóná janjan, ó le bí pákó. Ìgbà yẹn lobìnrin náà tó wojú rẹ̀. "Yéè! Kí ni mo sọ yẹn?" Ó pe nọ́ọ̀sì padà, fóònù ń dún ṣáá, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó sáré jáde sí títì láìwọ bàtà, ó ń nawọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá.

"Ẹ gbà mí o! Ọkọ mi ń kú lọ! Ọkọ mi ń kú lọ!"

Káfíńtà gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ó ń mi orí sókè sódò pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.